Ibi Tí 1 Gbà Wọlé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Orí òwe yìí ni èdè kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Curry dúró lé: ìbéèrè kan lè ní ìdáhùn púpọ̀, a ó sì wá gbogbo wọn. Ní ti Haskell, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìṣirò kọ̀ọ̀kan ní. Ó sì dà bí ọ̀lẹ, nítorí kì í ṣírò ohunkóhun títí a ó fi nílò rẹ̀. Orúkọ Haskell Curry, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ni a fi sọ èdè méjèèjì.

Ní ọdún tí mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ jáde, mo fọ́nnu pé n ó kọ ògbufọ̀ tí yóò máa sọ Curry di Haskell. Mo fi owó ẹyọ kan dán an wò: bí ó bá dojúdé, ó di 0, bí ó bá ṣí, ó di 1. Mo ní kí ó ro owó náà mọ́ ara rẹ̀. Ìdáhùn tí ó tọ̀nà ni 0 àti 2. Ògbufọ̀ tèmi mú 0, 1, 1 àti 2 wá. Háà! Báwo ni owó kan ṣoṣo ṣe lè dojúdé, kí ó sì tún ṣí lẹ́ẹ̀kan náà? Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkàn kan ní kí n kúkú pa 1 rẹ́ nínú ìwé. Ta ni yóò mọ̀?

Níkẹyìn, mo ka iṣẹ́ KiCS2 tí Michael Hanus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kiel, ní Jámánì, gbé jáde ní ọdún 2011. Bí ògbufọ̀ wọn bá kan oríta, kì í tètè yà. Yóò sọ oríta náà di igi ẹlẹ́ka méjì, yóò sì fún un ní nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà yẹn bá tún yọjú níwájú, ẹni tí ó ti yà sí òsì tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ tún yà sí òsì. Ìwà ọ̀lẹ Haskell wá di àǹfààní: ẹ̀ka tí a kò dé, a kì í ṣírò rẹ̀.

Mo fún oríta tèmi ní nọ́ńbà, 1 sì pòórá. Ṣùgbọ́n àkókò ti lọ. Ìdajì ògbufọ̀ náà ni mo fi sílẹ̀. Mo kọ bí 1 ṣe wọlé àti bí ó ṣe jáde sínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni olùkọ́ mi ti bi mí ní ìbéèrè jù lọ, mo sì rí i dáhùn.

Ẹ̀yin àbúrò mi, bí ìdáhùn tí kò yẹ bá yọjú, ẹ má ṣe pa á rẹ́. Ẹ wádìí ọ̀nà tí ó gbà wọlé.