Àtàǹpàkò Ta Nìyí?

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, gúlù ló sì tú àṣírí mi.

Òkè Bọ́lá n'Íbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ilé kéékèèké ni mò ń kọ́, irú èyí tí àwọn ayàwòrán-ilé máa ń gbé sórí tábìlì kí oníbàárà lè rí ilé rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli náà máa ń sáré wọlé tí ìdánwò bá ku ọ̀la. Lọ́dún kan, ẹnì kan ní kí n bá òun ṣe Ilé Kòkó fún ọ́fíìsì òun, odidi rẹ̀. Ilé gidi yẹn ga tó mítà 105, àjà 26, ọdún 1965 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Tí a bá pín in sí ọ̀nà 200, tèmi á ga ní sẹ̀ǹtímítà 52 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá ti gba Dùgbẹ̀ kọjá rí mọ bí fèrèsé ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Pásípẹ́ẹ̀sì, ike tó dà bíi gíláàsì, ni mo gé fún fèrèsé. Top Bond, gúlù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, ló yẹ kí n fi lẹ̀ ẹ́, nítorí tó bá gbẹ, ó máa ń mọ́ gaara. Mo mọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ ọ́ títí ó fi sú u. Ṣùgbọ́n Top Bond máa ń fi nǹkan falẹ̀, súpà gúlù ò sì gbà ju kéèyàn ka ení, èjì, ẹ̀ta. Mo lọ ra súpà gúlù 502, èyí tó ń ṣàn bí omi, nítorí owó rẹ̀ ò tó nǹkan. (Fún igi àti páálí, ẹ wá èyí tó ki. Fóòmù funfun ńkọ́? Ẹ má dán an wò, á jẹ ẹ́ bí ikán.) Èmi fúnra mi ni mo lẹ fèrèsé àjà mẹ́wàá òkè lóru ọjọ́ yẹn. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ń gé páálí lápá kejì. Nígbà tí mo parí, mo da páálí tẹlifíṣọ̀n bò ó nítorí eruku, mo tilẹ̀kùn, a relé.

Ilẹ̀ mọ́, mo ṣí i. Gbogbo fèrèsé ti ṣe kùrukùru, àfi bí ìgbà tí ọyẹ́ bá bo Màpó láàárọ̀. Lórí ọ̀kan, àmì àtàǹpàkò yọ funfun, gbogbo ìlà rẹ̀ hàn ketekete.

"Ta ló fọwọ́ ìdọ̀tí kan èyí?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Àtàǹpàkò ta nìyí nígbà náà?"

Kò fèsì. Mo ní kó máa lọ ilé. Mo tún pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, mo ní ọmọ rẹ̀ dọ̀tí lọ́wọ́, ó dọ̀tí lẹ́nu.

Nírọ̀lẹ́, mo fi omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ nu fèrèsé kan, ni ike bá tún bàjẹ́ sí i. Mo tú èyí tó ní àmì ìka, mo gbé e sójú iná. Ìlà kan dá a ní ìdábùú, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ojú ọgbẹ́. Mo wo àtàǹpàkò ọwọ́ òsì mi. Bíléédì ló ṣá mi níbẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Gúlù yẹn máa ń tú èéfín tí a kì í rí. Tí a bá dé e mọ́ inú páálí, èéfín náà á bà lé ohun tó bá wà nítòsí, á sì di funfun níbẹ̀. Ibi tí òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ bá wà ló máa ń kọ́kọ́ dì mọ́. Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn ọlọ́pàá ń gbà wá àmì ìka olè. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ike tó mọ́ gaara fún ojú ìbọn ni Harry Coover àtàwọn èèyàn Kodak ń wá lọ́dún 1942 tí wọ́n fi já sí nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan yìí.

Gúlù kọ́ lẹ̀ṣẹ̀ mi o. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi mọ òtítọ́ tí mi ò sọ ọ́. Mo ń ronú pé ṣé èmi, àgbà, ni màá lọ bẹ ọmọdé? Ọjọ́ tí mo wá lọ sílé wọn ní Bẹẹrẹ, ọmọ náà jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi kí n tó la ẹnu. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lójú ọmọ náà. Ìyá náà bu omi fún mi. Kò sọ̀rọ̀ títí mo fi mu ún tán.

Ọmọ náà ò padà wá. Ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ alumíńíọ́ọ̀mù ní Bẹ́yẹrúnkà, fèrèsé gidi ló ń ṣe báyìí.