Rinrin àti Àwọn Ìbátan Rẹ̀ Inú Ilé

Ní ayé àtijọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn fi owó ra ewéko tí kò ṣeé sè lọ́bẹ̀, tí kò sì ṣeé sè lágbo. Lónìí, àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Èkó àti Ìbàdàn mọ̀ pé ayálégbé oníyàrá kan náà ń wá ewé tútù tí yóò máa wò. Kò sí ilẹ̀ fún ọgbà. Ojú fèrèsé nìkan ló kù. Ìdí nìyí tí ewéko kéékèèké fi wọ́pọ̀ nínú ilé.

Ọ̀kan nínú wọn ni Peperomia. Orúkọ rẹ̀ dún bí ti àjèjì, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ wà nílé. Peperomia ni rinrin, ewé tó ń hù lẹ́sẹ̀ ògiri níbi tí òjìji àti omi bá wà, tí àwọn àgbà máa ń dárúkọ pọ̀ mọ́ òdúndún àti tẹ̀tẹ̀ bí wọ́n bá ń wá ẹ̀rọ̀. Oríṣi Peperomia lé ní 1,000 láyé.

Àmọ́ ọmọ ìyá lè jọra kí ìwà wọn má dọ́gba. Rinrin fẹ́ ilẹ̀ tútù. Peperomia obtusifolia, tó ń hù ní Florida àti àwọn erékùṣù Caribbean, ń tọ́jú omi sínú ewé rẹ̀ tó nípọn. Púpọ̀ nínú irú wọn ló ń gbé ara igi nínú igbó, níbi tí òjò ti ń ṣàn kọjá lára gbòǹgbò.

Nítorí náà, omi àpọ̀jù ló ń pa wọ́n jù. Bí gbòǹgbò bá ti jẹrà, kò lè fa omi mọ́, ewé a sì rọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Olówó rẹ̀ a rí i, àánú a ṣe é, a tún bu omi sí i. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìka ọwọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé inú ìkòkò: bí iyẹ̀pẹ̀ òkè bá gbẹ, kí a bomi rin ín, bí ó bá ṣì tutù, kí a fi í sílẹ̀. Ìkòkò kékeré tó ní ihò nísàlẹ̀ ló bá a mu, nítòsí fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní jó o. Nígbà ọyẹ́, kí a fi aṣọ ọ̀rinrin nu eruku ojú ewé.

Ohun kan tí kò gbọdọ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ ni ọ̀rọ̀ pé ewéko ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Ìwádìí NASA ti ọdún 1989 ló mú ọ̀rọ̀ náà gbilẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpótí tí a dé pa ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe nínú yàrá tí atẹ́gùn ń wọlé tó ń jáde. Kò sí ewéko tó lè gba ẹbí lọ́wọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pani lójú oorun. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ni ààbò.

Ohun tí ewéko ń fúnni ni ìtura ojú, àti ẹ̀kọ́ pé kí a wò kí a tó ṣàánú. Ẹni tí kò bá ní owó Peperomia ọjà lè lu ihò sí ìdí agolo wàrà, kó bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, kó sì hú rinrin kan lẹ́yìnkùlé kí wọ́n tó fi ọkọ́ ro ó dànù. Ìyẹn ni kó máa bomi rin déédéé.