Ewé Akíntọ́lá: Ibi Tó Ti Pọ̀ àti Ibi Tó Ti Ṣọ̀wọ́n

Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ló sábà máa ń kọ́kọ́ bo ilẹ̀ tí àgbẹ̀ bá fi sílẹ̀ kó sinmi ní ilẹ̀ Yorùbá. Onímọ̀ ewéko Linnaeus sọ ọ́ ní Eupatorium odoratum ní ọdún 1759. Láti 1970 ló ti di Chromolaena odorata lẹ́nu àwọn onímọ̀ ewéko. Méjì méjì ni ewé rẹ̀ ń dojú kọra lára ẹ̀ka. Iṣan mẹ́ta ló là á láti ìdí, bí èèyàn bá sì fọwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ á gba imú. Ọ̀pọ̀ ọmọ oko ni wọ́n ti fún omi rẹ̀ sí lójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Àmọ́ bó ti wọ́pọ̀ tó yìí, ó níbi tí kì í yà sí. Oko tó kún fún un débi pé àdá ló ń lànà níbẹ̀ lè bá igbó dídí pààlà, kí èèyàn má sì rí ẹyọ kan rẹ̀ nínú igbó náà.

Kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, láti Florida gba àwọn erékùṣù Caribbean títí dé àríwá Argentina. Àyíká ọdún 1937 ni wọ́n gbà pé ó wọ Nàìjíríà, láàárín irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka, tó ń jẹ́ Ceylon nígbà náà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba ti bá a níbẹ̀ ní tiwọn. Rompezaragüey ni orúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì wà lára ewé tí àwọn olórìṣà Lùkùmí, ìyẹn Yorùbá ti Cuba, ń fọ́ sómi ìwẹ̀ láti lé ibi lọ. Ó jọ pé ó ti di ewé Ọ̀sanyìn ní Havana kí ẹyọ kan rẹ̀ tó hù ní Ìbàdàn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń tanná, láti nǹkan bí oṣù Bélú sí Ṣẹ́rẹ́. Hóró rẹ̀ tín-ín-rín, ó dúdú, kò gùn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ó sì ní irun funfun lórí tí ọyẹ́ ń gbé fò. Ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì ń bá mọ́tò rìnrìn àjò. Hóró náà lè yọ láìjẹ́ pé akọ bá abo pàdé nínú òdòdó, nítorí náà ẹyọ kan ṣoṣo tó bá débì kan tó láti kún ibẹ̀. Igi ńlá kan lè gbọn ẹgbẹẹgbàárùn-ún hóró dànù lọ́dún kan.

Oòrùn ló ń fẹ́. Ní ilẹ̀ oko tí wọ́n fi sílẹ̀, á ga ju èèyàn lọ, àwọn ẹ̀ka á wó léra wọn, wọn á sì di pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá hù lábẹ́ rẹ̀ ni yóò kú sínú òkùnkùn òbí wọn. Bí ayùnrẹ́ àti àwọn igi mìíràn bá ti yọrí jù ú lọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ìdí nìyẹn tí kò fi ráyè nínú ẹgàn, àfi ibi tí igi ti wó tàbí ojú ọ̀nà tí agégẹdú là. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú oko kòkó: ibi tí kòkó bá ti kú ló ń gbà wọlé.

Ní ọ̀dàn, ọ̀gbẹlẹ̀ àti iná ló ń dín in kù. Ìdí rẹ̀ tó ti dàgbà lè rú padà lẹ́yìn iná, àmọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kì í là á já, nítorí náà etídò àti ẹ̀yìn ilé ló ti ń pọ̀ sí i. Ibi tó ti ń ṣèpalára gidi ni etí igbó, nítorí igi rẹ̀ gbígbẹ máa ń gbé iná lọ bá àwọn igi tí kò mọ iná rí.

Ọ̀rọ̀ òun àti tata tún wà níbẹ̀. Zonocerus variegatus, tata aláràbarà tó ń rùn, tó sì ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́, a máa rọ́ lọ sórí òdòdó yìí bó bá ti tú. Kì í ṣe ebi nìkan ló ń gbé e débẹ̀. Oró kan wà nínú òdòdó náà tó lè ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michael Boppré àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé tata ń wá oró náà fún ara rẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú, abo a sì fi sára ẹyin kó lè dáàbò bò ó. Abẹ́ ìbòòji ewéko yìí kan náà ni wọ́n tún máa ń yé ẹyin sí nínú ilẹ̀. Ó jọ pé bí ewé Akíntọ́lá ṣe gbilẹ̀ ló mú kí tata ẹ̀ẹ̀rùn pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igbó tí wọ́n ń ṣán lọ́dọọdún lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, àgbẹ̀ tó ti bá ẹ̀kan jà kò ní pè é ní ọ̀tá pátápátá. Ẹ̀kan kò lè gbé lábẹ́ ìbòòji rẹ̀, ewé tó ń gbọn sílẹ̀ sì ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Àmọ́ ilẹ̀ tí kò bá rí ìsinmi ju ọdún kan tàbí méjì lọ ni kò ti ní fàyè sílẹ̀ fún igi. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ kó kún etí oko òun, kó ṣán an kí oṣù Bélú tó wọlé, kó sì hú ìdí rẹ̀, torí pé bí wọ́n bá gé e lásán, òjò àkọ́rọ̀ ni yóò tún rú u.