Iyanrìn Tí Kò Ní Oúnjẹ Nínú

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń retí apá kejì ọ̀rọ̀ wa lórí oríkì. Ẹ ṣe sùúrù. Iyanrìn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá ṣọdún Kérésìmesì láti Leeds lọ́dún tó kọjá, ó fún mi ní irúgbìn tí ó fi ìwé pélébé mẹ́ta dì. Irúgbìn náà kéré débi pé mo kọ́kọ́ rò pé eruku ni. Ó ní Drosera capensis ni orúkọ rẹ̀, ewéko tó máa ń mú kòkòrò jẹ, tí ilé rẹ̀ gan-an wà ní South Africa. Ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, irun pupa pọ̀ lára rẹ̀, omi tó ń dán bí ìrì sì wà lórí irun kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò á bà lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, ewé náà á sì rọra ká mọ́ ọn. Èmi ń pè é ní ewéko ajẹkòkòrò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì ní ewéko ajẹran ló yẹ ká pè é. Mo ní ta ló rí ẹran níbẹ̀? A ò tíì parí ìjà yẹn.

“Má pa gbogbo rẹ̀ o,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí kó tó padà.

Ìwé kìíní kò pẹ́ rárá. Ohun tí ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ ń gbin ẹ̀fọ́ á ṣe ni mo ṣe: mo bu ilẹ̀dú lẹ́yìn ilé, mo po ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ mọ́ ọn. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ ìyá mi ti ń fẹ̀ bí ẹni ń bínú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oríṣiríṣi koríko ti hù nínú abọ́ náà, ohun kan tó ń yọ̀ bí ewédò sì ti bo ojú ilẹ̀. Irúgbìn tèmi nìkan ni kò hù.

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó kàwé nípa rẹ̀. Inú irà àti ilẹ̀ tútù tí oúnjẹ ti wọ́n ni àwọn ewéko wọ̀nyí ń gbé. Nítorí pé ilẹ̀ kò fún wọn ní náítírójìn tó, ara kòkòrò ni wọ́n ti ń wá a. Charles Darwin bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò ní 1860, ìwé tó kọ lórí wọn sì jáde ní 1875. Gbòǹgbò wọn kò ju kí wọ́n fi mumi lọ. Ajílẹ̀ tó ń mú àgbàdo sanra, ńṣe ló ń jó gbòǹgbò wọn. Ilẹ̀ tí kò ní nǹkan nínú ni wọ́n ń fẹ́: ìdajì peat, ìyẹn koríko irà tó ti wà lábẹ́ omi fún ọdún gbọọrọ, àti ìdajì iyanrìn.

Mo rí peat lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tà á fún àwọn tó ń tọ́ tòmátì sínú ilé ọlọ́rà. Àpò tó kọ́kọ́ gbé wá, NPK wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Mo ní èyí tí wọn kò fi ajílẹ̀ sí ni mo fẹ́. Ó wò mí bí ẹni tó wá ra ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Ti iyanrìn ló wá di wàhálà. Bíríkìlà ni bàbá mi, iyanrìn ni wọ́n sì fi tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti yan Yorùbá dípò Quantity Surveying tí wọ́n fẹ́, ọ̀rọ̀ wa kì í ju “ẹ káàárọ̀” àti “ṣé o ti jẹun” lọ. N kò lè béèrè. Mo yọ́ lọ síbi iṣẹ́ wọn, mo bu garawa kan.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo gbin ìwé kejì. Wọ́n hù! Wọ́n rí wínníwínní bí orí abẹ́rẹ́. Mo ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan títí kò fi ku ẹyọ kan.

Ibi tí mo jókòó tì í sí ni bàbá mi bá mi.

“Níbo lo ti bu yanrìn yìí?”

Mo sọ fún wọn.

“Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń po kọnkéré?”

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wá rí ojú mi, wọ́n gbé e mì. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ìwọ̀nba tó bá dà sínú iyanrìn ti tó láti pa kíkan ilẹ̀ run, ilẹ̀ tó kan díẹ̀ sì ni ewéko yìí ń fẹ́. Bàbá mi ò mọ ti ewéko, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ti sìmẹ́ǹtì. “Ó ń jẹ àwa gan-an lọ́wọ́,” ni wọ́n wí, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wọn hàn mí.

Ní Sátidé, aago mẹ́fà kò tíì lù tí wọ́n fi jí mi. A lọ sí odò tí tipa ti ń kó iyanrìn. Mo ti rò pé iyanrìn ni gbogbo iyanrìn. Rárá o. Èyí tó kúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, ó máa ń dì, kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé sí gbòǹgbò. Pupa, amọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ti etí òkun, iyọ̀ àti ìkarawun ló kún inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ dán an wò. Bàbá mi bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n fún un, wọ́n gbọ̀n ọ́n nù, wọ́n ní kí n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn: ó dọ̀tí. A sún síwájú. Ìgbà kẹta ni ọwọ́ wọn tó mọ́. Wọ́n dà á sínú ìgò omi, wọ́n mì í dáadáa, wọ́n gbé e kalẹ̀. Iyanrìn rọ̀ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ orí rẹ̀ kò ju fẹ́lẹ́ lọ. Hóró rẹ̀ tó ti gàrí Ìjẹ̀bú.

Ó kàn mí. Mo gún ìkarawun ìgbín, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó hó ṣúṣú. Mo fún un sí iyanrìn wa, kò hó rárá. Mo ní tó bá hó, ẹfun wà níbẹ̀.

“Ṣé ní Yorùbá ni wọ́n ti kọ́ yín nìyẹn?”

“Rárá, sà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́.

Mo fi omi òjò fọ iyanrìn náà nígbà méje títí omi rẹ̀ fi mọ́. Omi òjò náà ni mo ń fi bọ abẹ́ abọ́. Omi borehole wa máa ń fi ẹfun funfun sínú kẹ́tù, n kò tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Ìyá mi ní ẹ̀fọn ni mò ń sìn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí náà mo ń da omi náà nù lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, mo ń pààrọ̀ rẹ̀. Ojú ilẹ̀ ni mo wọ́n irúgbìn ìwé kẹta sí, n kò bò ó, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń mú un hù.

Mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ báyìí. Ewé tó tóbi jù kò tíì ju èékánná ọmọńdinrín mi lọ, ṣùgbọ́n ó ti mú kantíkantí kan. Àràárọ̀ ni bàbá mi ń wá nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, wọn kì í sì í rí i. Lánàá, wọ́n bi mí pé kí ni Yorùbá ń pè é. Mo sọ ìjà èmi àti ọ̀rẹ́ mi fún wọn.

“Ẹ pè é ní adẹkòkòrò,” ni wọ́n wí. “Kó tó jẹ ẹ́, ṣebí ó kọ́kọ́ dẹ pàkúté ni?”

Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Kò tíì fèsì.