Storm P. àti Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Tó Kọ́ Ìrìn ní Dẹ́ńmáàkì

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó kọ́kọ́ gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ wọ sinimá ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, orúkọ Robert Storm Petersen kì í gbẹ́yìn, ẹni tí gbogbo ará ìlú rẹ̀ mọ̀ sí Storm P. Ọdún 1882 ni wọ́n bí i ní Copenhagen; alápatà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì kọ́ iṣẹ́ ẹran pípa kí eré orí ìtàgé àti àwòrán yíyà tó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣeré nínú fíìmù aláìlóhùn, ìyẹn sinimá ìgbà tí ẹ̀rọ kò tíì lè gbé ohùn ènìyàn jáde, ó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín nílé eré alẹ́, ó ń ya àwòrán fún ìwé ìròyìn, ó sì tún ń fi ọ̀dà kun àwòrán àwọn tálákà àti àwọn ẹni tí ayé ti gbàgbé, àwọn àwòrán tó ṣókùnkùn débi pé ẹni tó mọ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ nìkan lè má gbà pé ọwọ́ kan náà ló yà wọ́n.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ sinimá rẹ̀ gba àròjinlẹ̀ ni pé ẹ̀fẹ̀ Storm P. kì í sáré. Àwọn alárìnkiri tó sọ ọ́ di olókìkí, àwọn ọkùnrin tí kò nílé tí kò sì níṣẹ́, tí fìlà wọn ti rún, tí bàtà wọn ti lanu, kò ní ju kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí ọ̀kan béèrè ọ̀rọ̀, kí èkejì sì dá a lóhùn pẹ̀lú ìdánilójú ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Inú gbólóhùn méjì tó wà lábẹ́ àwòrán ni ẹ̀rín wà, àwòrán fúnra rẹ̀ kàn dúró jẹ́ẹ́ ni. Kí wá ni irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá nínú iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìrìn ni gbogbo agbára rẹ̀, tí kò sì ní ohùn tí alárìnkiri lè fi fèsì?

Apá kan ìdáhùn náà wà nínú bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe rí. Karl Wieghorst, ẹni tó mọ tinú tòde kámẹ́rà, ni ó bá a ṣe é, nítorí pé ayàwòrán ìwé ìròyìn nìkan kò lè dá a ṣe. Nínú irú iṣẹ́ yìí, wọ́n á gbé kámẹ́rà kọ́ sókè kí ojú rẹ̀ kọ tábìlì, wọ́n á tẹ́ àwòrán kan síbẹ̀, wọ́n á yí ọwọ́ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan péré kí ó lè ya ẹyọ kan, wọ́n á mú àwòrán náà kúrò, wọ́n á tẹ́ òmíràn tó fi díẹ̀ yàtọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n bá wá fi ẹ̀rọ sinimá tàn án, nǹkan bí ẹyọ àwòrán 16 ni yóò kọjá níwájú iná láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú ènìyàn kò sì ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Nítorí náà, bí ọkùnrin inú àwòrán bá fẹ́ ṣí fìlà kí ẹnì kan, tí ìyẹn sì gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹyọ 16 ti lọ. Ìṣẹ́jú kan gbáko yóò jẹ ẹyọ 960. Kódà bí wọ́n bá ya àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kí iṣẹ́ lè dín kù, 480 ṣì kù tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ tẹ́ kí ó sì tún kó kúrò. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹni tó ń tan fíìmù ní ilé sinimá lè máa yí ẹ̀rọ rẹ̀ kánkán nítorí pé ó fẹ́ tètè lọ sílé, kí ọkùnrin tí wọ́n fara balẹ̀ kọ́ ní ìrìn wá máa sá bí ẹni tí ajá ń lé.

Ẹni tó bá mọ àwọn ẹ̀rọ tí Storm P. máa ń yà yóò rí i pé iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí i. Bí W. Heath Robinson ti ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Rube Goldberg sì ń ṣe ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ya ẹ̀rọ tí okùn, òṣùwọ̀n, àbẹ́là, ẹranko àti ènìyàn so kọ́ra nínú rẹ̀, tí èyí yóò ti ìyẹn, tí ìyẹn yóò fa òmíràn, kí ohun kékeré kan tí ọmọdé lè fi ọwọ́ ṣe tó ṣẹlẹ̀ níkẹyìn. Tábìlì Wieghorst pàápàá jẹ́ ọ̀kan lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: làálàá ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni, kí fìlà kan lè kúrò lórí.

Ní ọdún 1920 ni *Øen*, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “Erékùṣù náà”, jáde, àwọn ọkùnrin kéékèèké mẹ́ta tó ti ń yà sínú ìtàn alápá-apá, ìyẹn ìtàn tí ọ̀wọ́ àwòrán ń sọ, láti ọdún 1913 sì di èrò sinimá nínú *Tre små mænd*. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ nìkan kò lè san owó gbogbo ìwé tí wọ́n ń lò. Lẹ́yìn tí àwọn ará Jámánì dá ilé iṣẹ́ fíìmù UFA sílẹ̀ ní ọdún 1917, ọjà tí fíìmù Dẹ́ńmáàkì gbẹ́kẹ̀ lé jù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn ará ilé kò sì ju mílíọ̀nù 3 àti díẹ̀ lọ. Nítorí náà ni wọ́n fi yíjú sí fíìmù ìpolówó ọjà: oníṣòwò tó fẹ́ polówó ọjà rẹ̀ ní tirẹ̀ mọ iye tí yóò san àti iye ìṣẹ́jú tí ó ń fẹ́, ó sì ní èrò tó ti jókòó de fíìmù gidi, tí wọn kò lè dìde kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń ka fíìmù ìpolówó ọjà sí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ tí ayàwòrán fi ojú pa rẹ́, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà le jù. Fíìmù ẹ̀fẹ̀ tó gùn díẹ̀ ń bèèrè pé kí àwàdà Storm P. fẹ̀ ju bí ó ṣe fẹ́ fẹ̀ lọ, nígbà tí ìpolówó ọjà kúrú bí ìtàn alápá-apá inú ìwé ìròyìn: ènìyàn bọ́ sínú wàhálà, wàhálà náà di púpọ̀, nǹkan kan dé, ó yanjú rẹ̀. Èyí bá ìlànà àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ mu wẹ́kú. Ohun tó pàdánù níbẹ̀ ni àwọn alárìnkiri rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, tí kò sì fẹ́ ra nǹkankan, kò lè wúlò fún ẹni tó ń ta ọjà; bí wọ́n bá tilẹ̀ mú un wọlé, ó gbọ́dọ̀ jáde pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn tí kò jọ ọ́ rárá.

Nígbà kan náà, àwọn mìíràn ti ń ronú bí iṣẹ́ yìí yóò ṣe di ti ilé ńlá. Ní Sweden, Victor Bergdahl ti ń fi Kapten Grogg rẹ̀ pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín láti ọdún 1916, àmọ́ Amẹ́ríkà ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù, nítorí pé Earl Hurd ti gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1915 lórí yíya ohun tó ń rìn sórí ike tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, kí wọ́n má baà máa tún ilé àti igi tó wà lẹ́yìn yà nígbà gbogbo, wọ́n sì ti ń pín iṣẹ́ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Storm P. kò ní irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀, kò sì dájú pé ó fẹ́ ẹ. Ní ọdún 1922 ni ó bẹ̀rẹ̀ *Peter og Ping*, ìtàn ọkùnrin kan àti ẹyẹ pẹngúìnì rẹ̀, nínú ìwé ìròyìn, níbi tí ó ti lè ya àwàdà kan lónìí kí àwọn ènìyàn sì fi rẹ́rìn-ín kí ilẹ̀ tó tún ṣú.

Nígbà tí *Fyrtøjet*, kàtúùnù gígùn àkọ́kọ́ ní Dẹ́ńmáàkì, tí wọ́n gbé ka orí àlọ́ Hans Christian Andersen, jáde ní ọdún 1946, ọ̀wọ́ àwọn ayàwòrán tó pọ̀ ni ó pa ọwọ́ pọ̀ ṣe é, ó sì di dandan kí olúkúlùkù wọn pa ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ kí àwòrán gbogbo wọn lè dọ́gba. Storm P., tí yóò kú ní ọdún 1949, ṣì wà láàyè nígbà náà, ó ṣì ń yàwòrán, wọn ìbá sì mọ ìlà tirẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún.