Lọ́dọ̀ Àwọn Olùtọ́jú Sàítúnì ní Sfax

Igi sàítúnì tí Ọlọ́hun fi búra nínú Àlùkùránì, ọdún 2019 ni mo tó fi ojú ara mi rí i. A kírun ní mọ́sálásí ńlá Kairouan ní ilẹ̀ Tùnísíà, tí Uqba ibn Nafi fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 670, a sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sfax létí òkun. Sàítúnì ni lọ́tùn-ún lósì. Mítà 24 ni wọ́n fi jìnnà síra, nítorí òjò kò tó níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìlú, obìnrin kan tí ń tọ́ ọmọ igi fún títà gbà wá lálejò. Lárúbáwá ilé kéwú mi ni mo fi bi í pé, ṣé wọn kì í gbin kóró rẹ̀ ni? Ó ní èyí tó bá ti inú kóró hù kì í jọ ìyá rẹ̀. Àwọn bàbá wọn a máa fi àáké gé kókó ìdí igi àgbà rì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó la ó gé kí igi má bàjẹ́? Ẹ̀ka ni wọ́n ń gé báyìí. Kò sì dà bí igi ẹ̀gẹ́ tiwa tí a ń kì bọ ilẹ̀ tí a ń bá tiwa lọ. Olórí kunkun ni.

Ó gé ẹ̀ka kan ní sẹ̀ǹtímítà 15, ó fi ewé mẹ́rin sílẹ̀ lórí rẹ̀, ó ki ìdí rẹ̀ bọ oògùn ìtagbòǹgbò tí wọ́n ń pè ní IBA, ó sì yọ ọ́ kíá. Gíráàmù 3 sí 4 ni wọ́n ń pò sí lítà kan. Òórùn ọtí gbá mi nímú, mo sún sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín: “Sheikh, kì í yòrò nínú omi lásán, spírítì la fi ń yọ́ ọ. Igi kì í mutí yó.” Ó ní irú èyí tí omi ń yọ́ náà wà. Ọkàn mi balẹ̀. Omi tí ń fọ́n bí ìrì ni kì í jẹ́ kí ewé rọ, wọ́n sì ń mú ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ fún bí oṣù méjì.

Opó àgbàlagbà kan wọlé. Igi tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ń gbẹ, ó sì ti kó ẹ̀ka 20 wá tẹ́lẹ̀, nítorí ẹ̀ka tó bá ta gbòǹgbò, igi yẹn gan-an ni, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Mẹ́ta péré ló ta.

“Ìyá, níbo lẹ ti gé e?”

“Lórí igi lókè.”

“Ẹ padà lọ gé èyí tó ń rú nídìí. Ìyẹn ń tètè ta ju tòkè lọ, bí wọn ò bá ti lọ́ igi náà sára òmíràn.”

Ìyá ní wọn kò lọ́ ọ. Kò dúró mu tíì tí wọ́n gbé fún un. Ó fi mẹ́ta náà sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kọrí sí ọ̀nà bọ́ọ̀sì.