Àpótí Ìdáná Ìyá Mi

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mélòó nínú wa ló gbé ìjókòó lọ sílé ìwé rí? Èmi gbé e o. Ìgbà tí mo wà ní Púráímárì Kẹta, bẹ́ǹṣì wa dá, ọ̀gá ilé ìwé wá ní kí oníkálukú gbé ìjókòó tirẹ̀ wá. Àpótí tí ìyá mi fi ń jókòó dáná ni wọ́n gbé fún mi. Láàárọ̀, mo máa gbé e rù. Tó bá di ọ̀sán, mo gbọ́dọ̀ dá a padà kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná. Lọ́jọ́ tí mo bá dúró gbá bọ́ọ̀lù, ìdúró ni ìyá mi máa fi ro àmàlà. Orógùn yẹn náà ló sì máa ń kí mi káàbọ̀.

Mo rò pé ìyẹn ti tán nílẹ̀ ni, àfi ìgbà tí mo lọ ṣe TP ní ilé ìwé ìjọba kan lábúlé. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, ó gbé ìwé lé itan, ó ń kọ ọ́. Mo ní kó lọ bá àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, àyè ò sí ńbẹ̀. Mi ò sì lè fi kẹ́ẹ̀gì yìí sílẹ̀, òun la fi ń pọnmi nílé wa." Tíṣà kíláàsì náà, àpò ara wọn ni wọ́n fi ń ra ṣọ́ọ̀kì. Mo wá dé olú ìlú ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, ilé ìwé tó wà lẹ́bàá ọ́fíìsì ìjọba ti gba ọ̀dà tuntun, àga ibẹ̀ ń dán. Àbí ọmọ ìpínlẹ̀ kọ́ làwọn tó wà lábúlé ni?

Wọ́n á ní owó ò sí. Ẹ gbọ́ ná. Òfin UBE tí wọ́n ṣe ní 2004 sọ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n kí ìpínlẹ̀ tó rí tiẹ̀ gbà níbẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ mú ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àìmọye ìgbà ni àwọn gómìnà kan ò mú tiwọn sílẹ̀, tí owó ilé ìwé fi jókòó pẹ̀sẹ̀ ní Àbújá. Owó ríbi jókòó, ọmọ ò rí.

Ní January 17, 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì rí epo rọ̀bì ní Olóìbírí nígbà náà, 1956 nìyẹn. Kòkó àti owó orí àwọn bàbá wa ni. (Àwọn kan bínú sí owó orí yẹn o, wọ́n sì bínú gan-an.)

Ẹ̀yin gómìnà wa, ẹ̀bẹ̀ wa ò pọ̀. Ẹ mú ìdajì tiyín sílẹ̀ lásìkò, kẹ́ ẹ lọ gba èyí tó wà lọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá sì gbà á tán, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pínpín rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yín. Ẹ ka ọmọ tó wà ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ ka bẹ́ǹṣì tó wà ńbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìyẹn pín in. Àwa tí à ń ka ìwé yìí náà, tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n pé èló ni wọ́n gbà ní Àbújá.

Lọ́jọ́ tí TP mi parí, ọmọ oníkẹ́ẹ̀gì yẹn bi mí bóyá bẹ́ǹṣì máa dé kí òun tó wọ Púráímárì Kẹfà. Mo ní màá bá a béèrè. Aago lù, ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ rù, ó kọrí sódò.